Ohun Tí Màmá Abẹ́rẹ́ Ń Tú Nírọ̀lẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Màmá Abẹ́rẹ́ jẹ́, kó má lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fún un ní àmì-ẹ̀yẹ. Èmi ni kó wá bá. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni mo ti ń tún bàtà ṣe tí òun ti ń ránṣọ, láti ìgbà tí irun ṣì kún orí mi. Ògiri kan ló wà láàrin wa, ògiri náà ò sì nípọn. Bó bá húkọ́ lọ́hùn-ún, èmi ni mò ń sọ pé "pẹ̀lẹ́" níbí.

Kì í ṣe torí iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ kí aṣọ fún mọ́ òun lára, á wò ó látòkè délẹ̀, á ní, "Aṣọ ò níṣòro. Ṣé ìwọ á ráyè mí nínú ẹ̀?" Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á sì jẹ́ kó fẹ aṣọ náà díẹ̀. Àmọ́ ẹnu tó mú bẹ́ẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "kò sí" fún ẹni tí ebi ń pa. Mo máa ń sọ fún un pé ọjọ́ kan ni wọ́n á wá tọrọ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á sì bá wọn gbé e dé ojú ọ̀nà.

Ó ní àbúrò obìnrin kan. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló gbé ọmọ náà pọ̀n. Bàbá wọn mú Màmá Abẹ́rẹ́ kúrò nílé ìwé, ó fi sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán, kí ọwọ́ ilé lè máa dé ẹnu. Àbúrò ń lọ sílé ìwé ní tirẹ̀, títí ó fi di òṣìṣẹ́ báńkì tó ń wọ bàtà onígìgísẹ̀ gogoro. Mo mọ bàtà náà dáadáa. Àìmọye ìgbà ni gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kán tí wọ́n gbé e wá bá mi.

Nígbà tí wọ́n mú Màmá Abẹ́rẹ́ kúrò nílé ìwé yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló wá béèrè rẹ̀ nílé. Tíṣà rẹ̀ ni. Obìnrin náà jókòó sórí àpótí níwájú bàbá wọn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà padà. Bàbá ní kò sí ẹni tí yóò tọ́jú àbúrò. Tíṣà dìde, ó fọwọ́ kan ọmọ náà lórí, ó ní kó má ṣe pa ìwé kíkà tì, ó sì lọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí Màmá Abẹ́rẹ́ bá ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ á rọ̀. Á ní, "Nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ló wá béèrè mi."

Bí iṣẹ́ àánú wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ò ní ariwo nínú. Ọkọ obìnrin kan lójúlé kejì kú, ó fi ọmọ wẹẹrẹ sílẹ̀. Màmá Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í se ìkòkò ìrẹsì kan lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ní kí n bá òun gbé e lọ. A débẹ̀, a rí i pé bàbá arúgbó tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn ilé náà ò tíì jẹun. Ìkòkò di méjì. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò gbọ́, ó wá bá bàbá náà tún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ṣe. Onígbàjámọ̀ náà ní òun á máa lọ gé irun fáwọn àgbà tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn jáde mọ́. A ò lórúkọ, a ò sì ní alága. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, lórí ẹni tó gbàgbé iyọ̀ ni.

Àbúrò ló sọ wá di ẹgbẹ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ṣe bẹbẹ. Ó bá onílé búrẹ́dì sọ̀rọ̀, búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ó fún wa ní ẹ̀wù aláwọ̀ ewéko tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lẹ́yìn, ó sì wá àga fáwọn arúgbó tó ń dúró gba oúnjẹ. Gbogbo wa gbà pé òun ni kó jẹ́ Alága, torí ta ni nínú wa tó lè dúró níwájú àwọn èèyàn ńlá kí ohùn rẹ̀ má gbọ̀n? Màmá Abẹ́rẹ́ á máa wò ó bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ á máa lọ pẹ̀lú ẹnu àbúrò rẹ̀ láìmọ̀. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti rí i lára ọmọ tó tọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ Màmá Tíṣà. Tíṣà ọjọ́ kìíní náà ni, tó wá béèrè ọmọ nílé. Wọ́n ti di ọ̀gá ilé ìwé lẹ́yìn náà, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ọkọ wọn ti kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ń gbé ní òkèèrè. Bàtà dúdú kan ni wọ́n ní. Òun ni wọ́n máa ń gbé wá kí n lẹ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ títí gọ́ọ̀mù fi pọ̀ ju awọ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtẹ́lẹ̀ ló já mi láyà. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ bàtà níwájú mi, ẹsẹ̀ wọn ń yí kiri nínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Bàtà kì í tóbi sí i. Ẹsẹ̀ ló ń gbẹ.

Mo sọ fún Màmá Abẹ́rẹ́. Ó kàn dìde, ó lọ dáná, ó gbé oúnjẹ lọ bá Màmá Tíṣà. Nígbà tó padà dé, abọ́ oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe gbé e lọ.

Ó ní, "Wọ́n bi mí pé ta ló sọ fún mi pé ebi ń pa àwọn. Wọ́n ní kí n gbé ìrẹsì mi lọ fáwọn tálákà."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nígbà yẹn. Agídí ò lóògùn."

Ó ní, "Oníbàtà, jókòó jẹ́ẹ́."

Ọgbọ́n tó wá dá, mi ò rò ó rí. Ó di ẹrù aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ kan, ó gbé e lọ sílé Màmá Tíṣà, ó ní iṣẹ́ ti bo òun mọ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun máa rán bọ́tìnnì, kí wọ́n sì máa bá òun ṣẹ́ etí aṣọ. Ó ní òun ò lówó tí òun lè máa san, ṣùgbọ́n òun lè máa gbé oúnjẹ wá. Màmá Tíṣà wádìí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń gba òṣìṣẹ́ tuntun. Ta ni yóò ra òwú? Ṣé ẹran á wà nínú ọbẹ̀ náà, àbí omi lásán ni? Bí aṣọ bá pọ̀, ṣé oúnjẹ náà á pọ̀? Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o máa pẹ́ gbé iṣẹ́ wá o. Mo kórìíra ìdádúró."

Ojú Màmá Tíṣà ti ṣe bàìbàì. Àwọn nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n rán bọ́tìnnì mọ́. Apá kan gùn, apá kejì kúrú. Wọ́n ṣẹ́ etí ṣòkòtò gbẹ́nàgbẹ́nà títí wọ́n fi rán ẹnu ẹsẹ̀ kan pa, òwú wọn sì le bí okùn. Nírọ̀lẹ́, kí Màmá Abẹ́rẹ́ tó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á mú réèsà, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà, á máa tú gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà á wá rán an bó ṣe yẹ kó rí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kan náà lẹ ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì yìí o."

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ta lo rò pé ó ń se ọbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń tú aṣọ lọ. Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn. Kì í ṣe inú dídùn ẹni tó ń ṣe àánú. Ó dà bí ẹni tó ń san nǹkan tó ti pẹ́ tó fẹ́ san.

Ìyípadà dé bá Màmá Tíṣà. Ẹsẹ̀ wọn padà kún bàtà. Ẹ̀yìn wọn nà. Wọ́n á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, wọ́n á dúró, wọ́n á wo aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n á ní, "Ta ló ṣẹ́ etí eléyìí? Ó ti wọ́." Màmá Abẹ́rẹ́ á ní, "Èmi ni mà." Wọ́n á ní, "Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi." Èmi á da ojú mi bo bàtà kí wọ́n má rí ẹ̀rín ẹnu mi. Wọ́n tiẹ̀ wá béèrè ẹran sí i lọ́jọ́ kan, wọ́n ní iṣẹ́ ti pọ̀ ju bí àwọn ṣe jọ sọ lọ. Ẹran náà sì pọ̀ sí i. Mi ò rí arúgbó tí iṣẹ́ yẹ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi àti Màmá Abẹ́rẹ́ nìkan la mọ àṣírí náà. Ẹnì kẹta ni Àbúrò. Màmá Abẹ́rẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un, lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan tí wọ́n jọ ń jẹun nílé. Kì í ṣe pé ó fi ń yangàn. Àbúrò ló rí ìka rẹ̀ tí réèsà gé, tó bi í pé kí ló ṣe é, òun náà sì sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Má jẹ́ kó jáde o." Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni màá sọ fún?"

Ẹgbẹ́ wa wá fẹ́ ra ọkọ̀. Àwọn arúgbó tó ń gbé níbi tó jìnnà ń pọ̀ sí i, a ò sì lè máa fẹsẹ̀ gbé ìkòkò lọ dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Àbúrò ní kí a pe àwọn olówó jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan, kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí à ń ṣe. Ó ní kí Màmá Tíṣà wá jókòó níwájú gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì, torí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bọ̀ níwèé, òun náà pẹ̀lú. Inú Màmá Abẹ́rẹ́ dùn débi pé ó pa iṣẹ́ oníbàárà tì, ó rán aṣọ aláwọ̀ aró tuntun fún wọn. Èmi náà kun bàtà dúdú náà, mo fi aṣọ nù ún títí ó fi ń dán. Màmá Tíṣà ti múra ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: pé iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ àgbà, pé àwọn náà ṣì ń ṣiṣẹ́ jẹun.

Gbọ̀ngàn kún. Màmá Abẹ́rẹ́ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Tíṣà, èmi wà lẹ́yìn wọn tààrà pẹ̀lú ẹ̀wù ewéko mi. Àbúrò bọ́ sórí pèpéle, ó kí gbogbo ènìyàn, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ aláìní àti àwọn àgbà tí kò lẹ́ni. Àwọn èèyàn ń gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo fóònù wọn. Mo rí i tí ó wo ojú wọn. Mo sì rí i tí ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, bí ó ti máa ń ṣe bó bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín. Ìyá kan wà láàrin wa tí kò gba oúnjẹ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀yìn Màmá Abẹ́rẹ́ le gbagidi níwájú mi. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ síbi àpò rẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan, kò sì rí nǹkan kan mú.

Àbúrò sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ẹrù aṣọ, ó sọ ti bọ́tìnnì ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó dé orí ṣòkòtò tí wọ́n rán ẹsẹ̀ rẹ̀ pa, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò mọ̀dí ọ̀ràn náà rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ ti réèsà, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jókòó tú u nírọ̀lẹ́ kí ìyá náà má baà mọ̀. Ẹ̀rín dákẹ́. Àwọn obìnrin mú áńkáṣíìfù. Ọkùnrin kan tó sanra lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìtàn náà dùn, mi ò lè sẹ́. Bí mi ò bá mọ ẹni tó ni ín, èmi náà ì bá sunkún.

Àbúrò ní, "Ìyá náà rèé. Màmá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà, ẹ dìde."

Màmá Tíṣà dìde. Ẹni tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ níwájú ọmọ ilé ìwé, bí wọ́n bá pè é, á dìde. Wọ́n nà ṣánṣán nínú aṣọ aró wọn, àtẹ́wọ́ ń dún, gbogbo ènìyàn dìde fún wọn. Màmá Abẹ́rẹ́ ò dìde. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀.

Àtẹ́wọ́ náà ò fẹ́ tán. Màmá Tíṣà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ jókòó." Gbogbo àwọn olówó náà jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wá mú àpò wọn, wọ́n gba àárín àga jáde, wọn ò yára, wọn ò sì wo ẹnì kankan lójú. Àwọn èèyàn rò pé omijé ló gbé wọn jáde. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

A rí owó ọkọ̀ gbà lọ́jọ́ náà. Wọ́n sì fún Màmá Abẹ́rẹ́ ní àmì-ẹ̀yẹ onígíláàsì kan.

Àbúrò wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó ń sọ irú bọ́ọ̀sì tí wọ́n fẹ́ rà. Ó wá rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé? Mo yìn yín ni o. Àwọn èèyàn ń sunkún."

Màmá Abẹ́rẹ́ ní, "Ṣé mo ní kí o yìn mí?"

"Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ni. Ẹ rí wọn náà. Fóònù ni wọ́n ń wò. Mo rí i pé ọkọ̀ yẹn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ṣé kí àwọn arúgbó tó kù máa sùn lébi torí ìtìjú ẹnì kan?"

"Ṣé ìwọ lo ni ìtìjú náà tí o fi tà á?"

 Àbúrò yí sí mi bí ẹni ń wá ẹlẹ́rìí. Mo tẹ ojú mọ́ bàtà. Bí mo bá la ẹnu mi lọ́jọ́ náà, ohun tí mo máa sọ ò ní ṣeé kó nílẹ̀.

Màmá Abẹ́rẹ́ ní, "Nígbà tí wọ́n mú mi kúrò nílé ìwé nítorí rẹ, mi ò bínú. Mo gbé ọ pọ̀n, mi ò bínú. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fi sí ọ lọ́wọ́ pé kí o bá mi pa mọ́."  Ó fa aṣọ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ, Àbúrò sì dúró títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo rí ẹ̀yìn tí ẹ̀gún ha.

Nírọ̀lẹ́, ó ní kí n sin òun lọ sílé Màmá Tíṣà. Ẹ̀rù ń bà á láti dá lọ. Mo gbé abọ́ oúnjẹ, òun ò gbé ẹrù aṣọ kankan. Màmá Tíṣà ṣílẹ̀kùn, wọ́n fún wa ní àga. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ tí wọ́n ń rán lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ti ká a dáadáa.

Wọ́n ní, "Mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Má purọ́ fún mi. Nínú gbogbo aṣọ tí mo rán, èwo ni ẹnì kan wọ̀ bí mo ṣe rán an?"

 Màmá Abẹ́rẹ́ ní, "Kò sí, mà."

"Kò tiẹ̀ sí bọ́tìnnì kan?"

"Kò sí, mà. Ẹ dárí jì mí. Mi ò fẹ́ kí ebi pa yín ni."

Wọ́n mirí. Mo rò pé wọ́n á bínú. Ì bá sàn ká ní wọ́n bínú. Ohùn wọn rọlẹ̀, bí ẹni ń ṣàlàyé nǹkan fún ọmọ kíláàsì tó pẹ́ kó tó mòye.

Wọ́n ní, "Ọmọkùnrin mi máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀. Kò pọ̀, ó sì máa ń pẹ́, torí nǹkan ò rọrùn fóun náà. Nígbà tí o gbé iṣẹ́ wá, mo pè é. Mo ní kó má fi ránṣẹ́ mọ́. Mo ní kó fi tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ní ìyá rẹ̀ ti níṣẹ́ lọ́wọ́." Wọ́n wo aṣọ tí wọ́n ká sórí tábìlì. "Inú rẹ̀ dùn. Ó sọ fáwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n bọ́ sórí fóònù, wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Kí ni kí n wá pè é sọ báyìí? Kí n ní eré ni wọ́n ń bá mi ṣe?"

Màmá Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. Wọn ò ní kó dìde, wọn ò sì ní kó má kúnlẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n tì í padà sí mi ní àyà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e lọ. Ìwọ tí o sọ ọ́ fún àbúrò rẹ, àti òun tó sọ ọ́ fáyé, mi ò mọ ẹni tí n bá bínú sí nínú yín. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fọkàn tán."

A jáde. A padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kí Màmá Abẹ́rẹ́ tó tilẹ̀kùn, ó ní, "Oníbàtà, ṣé mo burú?" Mo ní rárá. Mo rò pé òótọ́ ni mo sọ. Àmọ́ inú ń bí mi sí òun náà díẹ̀, inú ń bí mi sí ara mi tí mo fi iṣẹ́ Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi sí Àbúrò débi pé mo lẹ gìgísẹ̀ bàtà onígogoro rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi tán, mi ò ránṣẹ́ pè é pé kó wá mú un.

Lójoojúmọ́ ni Màmá Abẹ́rẹ́ ń gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Lójoojúmọ́ ló ń padà bá a níbẹ̀, ó ti tutù. Mo gbé tèmi lọ, onígbàjámọ̀ gbé tirẹ̀ lọ, bákan náà ni. A bẹ Màmá Abẹ́rẹ́ pé kó jẹ́ ká wá nọ́ńbà ọmọkùnrin náà, ká pè é. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ti ṣe ìpinnu kan fún Màmá Tíṣà láìbi wọ́n léèrè, òun ò ní ṣe ìkejì. Ara rẹ̀ ń joro lójú mi. Kò lọ sọ́dọ̀ Àbúrò, Àbúrò ò sì wá.

Bọ́ọ̀sì dé, ó funfun, ó dára. Àwọn tó rà á ní àwọn fẹ́ máa rí iṣẹ́ tó ń ṣe, nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá gba oúnjẹ gbọ́dọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí Alága yà á ní fọ́tò pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Màmá Abẹ́rẹ́ fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tó gbọ́. Ohun tó dá a dúró ni àwọn ọmọ opó ojúlé kejì, tí wọ́n ti sáré wá dì mọ́ ọn kó tó bọ́ ẹ̀wù ewéko lọ́rùn. Ó mú síbí ńlá, ó ń bu oúnjẹ. Àbúrò wà lápá kejì ọkọ̀ pẹ̀lú fóònù. Wọn kì í wo ara wọn.

Sátidé kan báyìí, mò ń to àwọn èèyàn sórí ìlà, mo gbójú sókè, mo rí Màmá Tíṣà. Wọ́n wọ aṣọ aró yẹn. Ó ti fẹ̀ jù fún wọn. Bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Mo sáré lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n wá síwájú, kí wọ́n jókòó sórí àga. Wọ́n ní, "Ṣé gbogbo ènìyàn lẹ ń mú wá síwájú bẹ́ẹ̀?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí n to ìlà mi."

Wọ́n tò ó. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ níwèé wà níwájú wọn pẹ̀lú abọ́, àwọn kan wà lẹ́yìn.  Nígbà tó kàn wọ́n, Màmá Abẹ́rẹ́ gbójú sókè.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Màá gbé e wá bá yín."

Wọ́n na abọ́. Wọ́n ní, "Ibi tí wọ́n ti ń fún ni ni mo wá."

Ó bu ìrẹsì, ó bu ọbẹ̀, ó wá ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò, ó fi lé e. Màmá Tíṣà wo ẹran náà. Wọ́n mú un pẹ̀lú ìka wọn, wọ́n dá a padà sínú ìkòkò, wọ́n sì dúró. Ó yé e. Ó bu irú èyí tó ń bù fún gbogbo ènìyàn, omijé ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà.

Wọ́n ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin olóore."

Wọ́n fúnra wọn rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Wọ́n gbé abọ́ náà sí àyà, wọ́n tún ọrùn aṣọ wọn ṣe, wọ́n sì kọjú sí Àbúrò. Wọ́n ní, "Ṣé ibí ni kí n dúró?"

Fóònù wà lọ́wọ́ Àbúrò. Mo rò pé á sọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń fi gbogbo ọkàn mi bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbé e sókè, ohùn rẹ̀ sì jáde bí ó ti ń jáde fún gbogbo ènìyàn láti àárọ̀. Ó ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, mà."

Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín.

Màmá Abẹ́rẹ́ rí i. Ó yíjú padà, ó ki síbí bọ inú ìkòkò, ó sì bu oúnjẹ fún ẹni tó kàn.